Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà: ìrírí àwa tí a ti ra aago Faransé

Ọmọ Òṣogbo ní Peckham

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun ra aago àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń tà ní 400 pọ́n-ùn. Dípò kí n kàn sọ fún un pé rà á tàbí má rà á, mo rò pé kí n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ra tèmi, kí ẹ̀yin tí ẹ ti rà rí sì sọ tiyín.

Irú aago tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n máa ń gbé sórí pẹpẹ tó wà lókè ibi tí àwọn òyìnbó ti ń yáná nínú pálọ̀. Èyí tí mo rí ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Obìnrin kan tó mú ìwé lọ́wọ́ fara ti ojú aago náà, gbogbo ara rẹ̀ sì ń dán yinrin. Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sínú ìpolówó pé idẹ gidi ni, pé wúrà ni wọ́n fi bò ó, pé ayé Napoleon ni wọ́n ti ṣe é, àti pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ títí mo fi gbé aago náà sọ́wọ́.

Òṣogbo ni mo dàgbà sí, nínú agboolé tí idẹ Ọ̀ṣun wà, nítorí náà mo mọ bí idẹ ṣe ń wúwo lọ́wọ́, mo sì mọ òórùn tó máa ń fi sílẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tọrọ àyè pé kí a gbé e sókè kí n lè yọjú wo abẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò, mo sì rí ojú ibi tó ti ha díẹ̀. Àwọ̀ eérú ló wà níbẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ pípọ́n tí idẹ máa ń ní. Síǹkì ni. Àwọn Faransé ń pè é ní régule: wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á dà á sínú àwòṣe, wọ́n á wá fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti idẹ. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kì í ṣe ayédèrú. Nígbà náà lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ilé tí agbára wọn kò ká idẹ ló ra irú rẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni kí ènìyàn san owó idẹ lé e lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ní kí ó ṣí ẹ̀yìn aago náà fún mi. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, àfi bí ẹni pé aago Faransé ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n pa òwe náà. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n kọ VI sí yẹn, àwo idẹ roboto kan ló wà tó di gbogbo ẹ̀rọ náà mú, pẹ̀lú agogo kékeré tí òòlù ń lù. Wọ́n tẹ orúkọ Japy Frères sára àwo náà, wọ́n sì tẹ àmì ẹ̀yẹ tí ilé iṣẹ́ náà gbà níbi ìpàtẹ ìlú Paris lọ́dún 1855 mọ́ ọn. Beaucourt, nítòsí ààlà Switzerland, ni àwọn Japy wà, ẹ̀rọ aago tó sì ti ọwọ́ wọn jáde kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n Napoleon tí gbogbo ayé mọ̀ ti kú láti 1821. Báwo ni ẹ̀yẹ ọdún 1855 ṣe dé ara aago ayé rẹ̀? Mo bi ọlọ́jà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Napoleon Kẹta ni òun ní lọ́kàn. Ẹnu mi wọhò, nítorí pé lóòótọ́ ni Napoleon Kẹta jọba láti 1852 sí 1870. Ọlọ́jà tó bá mọ ìtàn máa ń bà mí lẹ́rù. A ná an títí, ó gbà láti tà á fún mi ní 150 pọ́n-ùn.

Àṣìṣe tó tẹ̀lé e kì í ṣe tirẹ̀, tèmi ni. Mo fi aṣọ òtútù wé aago náà, mo gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì, mi ò sì yọ péńdúlọ́ọ̀mù rẹ̀, ìyẹn irin olórí roboto tí ń fì sọ́tùn-ún sósì. Irin pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bí ìwé ni péńdúlọ́ọ̀mù náà rọ̀ mọ́. Bọ́ọ̀sì kò tíì ju ibùdókọ̀ mẹ́rin lọ tí mo fi gbọ́ pé nǹkan kan dún “kẹ́” nínú rẹ̀: irin pẹlẹbẹ yẹn ló kán. Ẹni tó bá mi tún un ṣe ní yíyọ péńdúlọ́ọ̀mù náà kí n tó gbéra kò bá má ti gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó fi hàn mí pé nọ́ńbà tó wà lára péńdúlọ́ọ̀mù náà bá ti ara àwo idẹ mu, pé ẹnikẹ́ni kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ rí. Owó tí mo san fún un, pẹ̀lú ti fífọ ẹ̀rọ, ju owó tí mo fi ra aago lọ.

Ìyá mi wá kí wa lọ́dún yẹn. Pálọ̀ ni wọ́n ń sùn. Lóru ọjọ́ kejì, mo gbọ́ òórùn ẹ̀kọ, mo dìde, mo bá màmá tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n ti gbàdúrà tán, tí wọ́n ń ro ẹ̀kọ lórí iná. Aago méjì òru ni. “Aago yín lu márùn-ún, mo kà á,” ni wọ́n wí, wọ́n sì bínú nígbà tí mo rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, márùn-ún ló lù. Kẹ̀kẹ́ kan wà lẹ́yìn aago yìí tí wọ́n gé etí rẹ̀ síra wọn ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, òun ló ń sọ iye ìgbà tí òòlù yóò lù: láàárín wákàtí 12, pẹ̀lú ẹyọ kan fún ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlù 90 ni. Kẹ̀kẹ́ náà kàn ń ka tirẹ̀ lọ ni, kò mọ ibi tí ọwọ́ aago wà. Èmi ni mo ti yí ọwọ́ aago síwájú kíákíá lọ́jọ́ náà láì dúró kó lù ní ààbọ̀ àti ní wákàtí, ni àwọn méjèèjì bá ṣìnà fún ara wọn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn tí ènìyàn lè fi ìka gbé sókè kó máa lù títí tí òun àti ọwọ́ aago yóò fi tún bára mu. Màmá kò gbà. Títí wọ́n fi padà sílé, fóònù ni wọ́n ń wò.

Baba Ìbejì, Manchester

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ìpolówó tí mo rí sọ ọ́ gbangba pé aago náà kò ṣiṣẹ́. Òkúta dúdú láti ilẹ̀ Belgium ni wọ́n fi ṣe àpótí rẹ̀, ó wúwo débi pé èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la jọ gbé e. 40 pọ́n-ùn ni wọ́n tà á fún mi. Mo yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tó tún dákẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mélòó kan, ó sì ti fẹ́ sú mi. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo jókòó tì í láì tan tẹlifíṣọ̀n, mo wá gbọ́ ọ pé ìró rẹ̀ kò dọ́gba: ó ń dún “kí-kọ̀”, á sinmi, á tún dún “kí-kọ̀”, bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn tó ń tiro. Mo ká páálí kékeré kan, mo fi í sí abẹ́ apá òsì, mo tún ká òmíràn lé e. Nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ìró náà tẹ́jú, tí kí àti kọ̀ ń tẹ̀lé ara wọn ní dọ́gbadọ́gba. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mò ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò sì tíì dákẹ́. Ó dàbí ẹni pé orí pẹpẹ tó dagun ni ó ti wà nílé ẹni tó tà á. Ojú máa ń tì mí díẹ̀ bí mo bá rántí pé n kò padà lọ sọ fún un.

Àdùkẹ́, Paris

Mo kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọjà àwọn ohun àtijọ́ ní Saint-Ouen ni mo ti ra tèmi, idẹ gidi ni, èyí tí wọ́n fi mákúrì, irin tó máa ń ṣàn bí omi, bo wúrà mọ́ lára. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́un ni pé wọ́n á po wúrà mọ́ mákúrì, wọ́n á fi kun idẹ náà, wọ́n á wá gbé e síná títí mákúrì yóò fi gbẹ lọ tí wúrà nìkan yóò sì ṣẹ́kù. Èéfín mákúrì náà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. N kò mọ gbogbo ìyẹn nígbà náà. Ohun tí mo rí ni pé ibì kan lára rẹ̀ ń dán, ibòmíràn kò dán, mo sì rò pé ìdọ̀tí ló dì mọ́ ibi tí kò dán. Mo bu oògùn tí a fi ń nu idẹ sórí àkísà, mo bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún ọmọdébìnrin tó wà lára aago náà, mo nu ún dé ejìká. Ibi tí mo nù dán lóòótọ́, àmọ́ dídán idẹ lásán ni. Wúrà rẹ̀ wà lára àkísà. Ẹni tí mo gbé e fún láti bá mi díye lé e lẹ́yìn náà sọ fún mi pé ibi tí kò dán yẹn, àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ibi tó ń dán lè yọ.

Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni mo kọ sí ògiri báyìí.