Ìmọ̀ràn lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká fún akẹ́kọ̀ọ́: ṣé tuntun ni kí n rà ni, àbí tòkúnbọ̀ tí wọ́n tún ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka Statistics ní Yunifásítì Ìlọrin, Tanke sì ni a ti gba ilé fún un. Ìyá wa, tí wọ́n ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìpàtà, kó àjọ wọn, wọ́n sì gbé ₦350,000 lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọmọ náà yóò lò títí yóò fi jáde. Mo rí méjì tí owó náà ká ní Òpópónà Táíwò. Ọ̀kan jẹ́ tuntun inú páálí, Celeron ni ọpọlọ rẹ̀ (processor), ó ní RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4GB àti ibi ìpamọ́ 64GB. Èkejì jẹ́ Dell Latitude tòkúnbọ̀ tí wọ́n tún ṣe, ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Core i5, RAM 8GB àti SSD (ibi ìpamọ́) 256GB. Tuntun ni ọkàn ìyá wa wà, nítorí wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ohun tí ẹlòmíràn ti lò gbó. Èwo ni ẹ rò pé ó yẹ?

Èsì láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe

Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò. Tí kò bá sí owó mìíràn lẹ́yìn èyí, tòkúnbọ̀ ni kí ẹ rà. 64GB ni ibi ìpamọ́ tí ó kéré jù lọ tí Windows 11 ń béèrè, nítorí náà, tí Windows bá ti wọ inú ẹ̀rọ tuntun yẹn tán, àyè tí yóò ṣẹ́kù fún iṣẹ́ ọmọ náà kò ní tó nǹkan. Nínú ọ̀pọ̀ irú wọn pẹ̀lú, wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó inú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè fi kún un. Àwọn ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń ra Latitude fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, bíi ThinkPad àti EliteBook, ó sì rọrùn láti tú, láti pààrọ̀ bátìrì àti SSD rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ Core i5 nìkan tẹ́ yín lọ́rùn. Latitude 7480 àti 7490 jọ ara wọn débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, síbẹ̀ i5-7300U tí a sábà máa ń bá nínú 7480 jẹ́ ìran keje tí ó ní core (ẹ̀yà ọpọlọ tí ń dá ṣiṣẹ́) 2, nígbà tí i5-8350U inú 7490 jẹ́ ìran kẹjọ tí ó ní 4. Microsoft parí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ ni Windows 11, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, kò gba ọpọlọ Intel tí kò tó ìran kẹjọ. Àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí ìran keje fún oníbàárà. Èmi kì í fọwọ́ sí i fún ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ fún ọdún mẹ́rin.

Èsì láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Tanke

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fojú sí bátìrì gidigidi, nítorí iná kì í fìgbà gbogbo wà níbí, bátìrì tí ó ti kú kò sì wúlò nínú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kí ẹ wá ṣí ojú ìwé tí yóò gbé jáde. Ẹ fi Full Charge Capacity (iye iná tí bátìrì ń gbà báyìí) wé Design Capacity (iye tí wọ́n ṣe é láti gbà nígbà tí ó wà ní tuntun): bí ti àkọ́kọ́ bá ti di ìdajì èkejì, bátìrì náà ti gbó, kí ẹ yọ iye owó bátìrì òmíràn kúrò nínú iye tí wọ́n pe ẹ̀rọ náà.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ọ̀ffà

Ọmọ mi, ìyá rẹ kò ṣì sọ. Tuntun ní ìwé ìdánilójú tí ènìyàn lè dá a padà sí, tòkúnbọ̀ a sì máa ní àbùkù tí kì í hàn lọ́jọ́ tí a rà á. Tí ẹ bá lè ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ fi owó kún un dé orí tuntun tí ó ní 8GB àti SSD, èyí ni èmi ìbá mú. Bí kò bá ṣeé ṣe, gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà sí, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí o lè fi dá a padà síbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n fẹnu sọ kò tó. Kí o mú ìyá rẹ dání lọ sí ìsọ̀ náà, owó wọn ni.

Èsì kejì láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe

Òótọ́ ni màmá sọ nípa rìsíìtì. Mo fẹ́ fi kún un pé kí wọ́n tún Windows gbé kalẹ̀ lójú yín, kí ẹ sì so ẹ̀rọ náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní àkókò yẹn. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun bá yọ, tí ó ń béèrè ímeèlì òṣìṣẹ́, ẹ̀rọ náà kò tíì kúrò lábẹ́ àṣẹ wọn. Ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọ̀ tó. Ẹ wọ inú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn) pẹ̀lú láti rí i pé kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ṣájà tí wọ́n fún yín bọ̀ ọ́: bí Dell kò bá dá ṣájà mọ̀, ó lè tàn, ṣùgbọ́n bátìrì kò ní gba iná.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti pe ẹni tí ó ń tà á, ó ní i5-8365U, ìran kẹjọ, ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì gbà pé kí a wá yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí a tó sanwó. Èmi àti ìyá wa ni a ó jọ lọ.