Ọpẹ́ ojoojúmọ́: kí la lè ṣe tí kò fi ní di àkọ́sórí?

ỌmọÌkọ̀lé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ inú àdúrà òwúrọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àkọ́sórí láàárín àwa onígbàgbọ́: "A dúpẹ́ ẹ̀mí, a dúpẹ́ ààbò, a dúpẹ́ ìpèsè." Ó parí, ó kan ẹ̀bẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe lè máa dúpẹ́ lójoojúmọ́ tí ọkàn yóò fi wà níbẹ̀? Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ńkọ́, ṣé dandan ni kóun náà dúpẹ́?

Ìyá Ìjerò:
Wo bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó fún wa níṣu lánàá, tá a bá pàdé rẹ̀ láàárọ̀, a ó ní, "Ẹ ṣé àná o, iyán iṣu yẹn ò ní kókó kankan." A dárúkọ nǹkan náà, a sì padà wá dúpẹ́. Méjèèjì yìí ló sọnù nínú àdúrà wa.

Fi ìwé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lálẹ́, kọ nǹkan mẹ́ta péré tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tàbí ẹni tó ti wá: "Alátà Ọjà Ọba fi tàtàṣé méjì ṣe ènì." "Òjò dá kí àwọn ọmọ tó jáde ní sùkúù." Láàárọ̀, ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí Ọlọ́run létí kó o tó tọrọ ohunkóhun. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó o. Má kọ mẹ́wàá, torí kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wàá ti máa kọ "ìlera, oúnjẹ, ààbò" kí ojú ewé ṣáà lè kún. Bó o bá fo ọjọ́ kan, má wá san gbèsè rẹ̀. Ti òní ni kó o kọ. Kó o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ alátà náà.

Olùkọ́ Ìdó:
Ìyá ti sọ ọ́. Fún ìsìn ìdílé, Sáàmù 136 ni kẹ́ ẹ wò. Ẹsẹ 26 ni, ègbè kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n lílé rẹ̀ ń dárúkọ: Fáráò, Síhónì, Ógù ọba Báṣánì. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ nílé. Ẹnì kan á dárúkọ oore kan, ìyókù á gbè é: "Nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé." Ọmọ tó kéré jù ni kó bẹ̀rẹ̀, bí àgbà bá ṣáájú, ọ̀rọ̀ àgbà làwọn ọmọ yóò máa tún sọ. Ohun tẹ́nì kan bá ti sọ, kò gbọdọ̀ tún jáde lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún "mo dúpẹ́ pé èmi ò dà bíi lágbájá." Àdúrà Farisí nìyẹn, Lúùkù 18:11.

Adúróṣọ́ọ̀ṣì:
Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀: 1 Tẹsalóníkà 5:18 ní ká máa dúpẹ́ *nínú* ohun gbogbo. Kò ní kí opó dúpẹ́ *fún* ikú ọkọ rẹ̀.

ỌmọÌkọ̀lé:
Ẹ má bínú, Éfésù 5:20 ńkọ́? "Fún ohun gbogbo" ló wà níbẹ̀.

Adúróṣọ́ọ̀ṣì:
Òótọ́ ni, ìyẹn le. Mi ò rò pé ó fagi lé ẹkún, torí Pọ́ọ̀lù kan náà ló ní ká bá àwọn tó ń sunkún sunkún, Róòmù 12:15. Ẹ wo Sáàmù 13: ẹ̀ẹ̀mẹrin ló béèrè títí dìgbà wo nínú ẹsẹ 1 àti 2, ẹsẹ 5 ló tó yí ohùn padà. Kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kà á bó ṣe wà, kó má fo ìráhùn ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tíì lè ka ẹsẹ 5, kó dúró sí 4, kó padà wá lọ́la.

Ẹni tó lọ kí i náà, kó fi "ẹ dúpẹ́, ó lè burú jù báyìí lọ" sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́. Ẹ gbé oúnjẹ dání, ẹ bá a pọnmi.

Ìyá Ìjerò:
Kẹ́ ẹ sì bá a fọ abọ́ kẹ́ ẹ tó máa lọ.