Àwàdà wo ló bá aláìsàn Ìjẹ̀bú mu?

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù àti agbègbè wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Àwàdà owó ló máa ń yá lẹ́nu jù: "Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, owó kì í kúkú wọ́n yín." Àmọ́ bí ẹni náà kò bá tíì rí owó oògùn san, èébú ló máa gbọ́. Ti gààrí náà ní ewu tirẹ̀: alátọ̀gbẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó dín in kù máa kà á sí ìbáwí. Kí lẹ fi ń rọ́pò wọn?

Ìgbà tí kò yẹ ká dẹ́rìn-ín pani ti yé wa. Tí a bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí aláìsàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín máa ń gbé òǹkà sókè. Ọmọdé tí a fẹ́ gún lábẹ́rẹ́, ká bi í pé ta ló jẹ ẹran inú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kábẹ́rẹ́ tó wọlé ni o, torí bó bá mira, abẹ́rẹ́ lè ṣi ibi tó yẹ kó wọ̀. Ẹni tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún níkùn, kó fi ìrọ̀rí tẹ ojú ọgbẹ́ kó tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá ẹni ọdún 70 ló ń dà wá láàmú. Báwo ni dókítà tó kéré sí ọmọ wọn ṣe lè bá wọn ṣàwàdà láìjọ àfojúdi? Ká fi ara wa ṣẹ̀sín, bíi ìkọ̀wé dókítà tí ẹnì kan ò lè kà, ló dà bí èyí tó láàbò jù. Ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín?