Houston sí Atlanta lọ́jọ́ kan pẹ̀lú tréélà lẹ́yìn, ṣé ó ṣe é ṣe?

Ojú Ń Kán Mi:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fa tréélà rí, ẹ gbà mí o. Iṣẹ́ tuntun ń gbé wa kúrò ní Houston lọ sí Atlanta, mo wá ra tréélà àlòkù kan, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí pikọ́ọ̀pù o, kì í ṣe tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì. GPS ní nǹkan bíi máìlì 800, wákàtí 12. Texas, Louisiana, Mississippi, Alabama, Georgia, gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ká gbéra ní 4 àárọ̀, ká sùn sílé tuntun lálẹ́. Èmi àtìyàwó mi la jọ máa wà á. Ṣùgbọ́n mo gbé e jáde lánàá pẹ̀lú ẹrù láti dán an wò, bó ṣe pé máìlì 60 ní wákàtí kan báyìí ni ìdí tréélà bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó ń fà wá síhìn-ín ó ń fà wá sọ́hùn-ún, mo tẹ búréèkì ó tún burú sí i. Ìyàwó mi ní òun ò wọ̀ ọ́ mọ́.

Àgbà Awakọ̀:
Àbúrò, ìyàwó ẹ gbọ́n. Ẹrù tó wúwo jù ló wà lẹ́yìn, àbí mo parọ́? Gbogbo wa la máa ń ṣe é, torí ẹ̀yìn nilẹ̀kùn wà, ibẹ̀ lèèyàn máa ń ju fìríìjì sí. Tí ẹ̀yìn bá ti wúwo jù, ó máa gbé ẹnu tréélà sókè, ìdí mọ́tò á fúyẹ́, táyà ẹ̀yìn ò ní í di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́, ijó dé nìyẹn. Nínú gbogbo ìwọ̀n tréélà àti ẹrù, ó yẹ kí 10 sí 15 nínú 100 jókòó sórí họ́ọ̀kù mọ́tò, ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ pọ́n-ùn 4,000, á jẹ́ 400 sí 600. Kó gbogbo ẹ̀ jáde kó o tún un tò, àwọn tó wúwo síwájú, kó o so wọ́n mọ́lẹ̀. Tó bá tún jó lọ́nà, má tẹ búréèkì ẹsẹ̀, má tẹná mọ́, má sì yí sítíárìn padà, dì í mú gbọin títí á fi rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Tí tréélà bá ní búréèkì tiẹ̀, èyí tó ń lo iná, fọwọ́ tẹ ìyẹn nìkan díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ibejì Alabama:
Ọ̀rọ̀ wákàtí 12 yẹn, mọ́tò lásán ni GPS ń sọ o. Ẹ ò gbọdọ̀ máa sá 75 kiri pẹ̀lú tréélà, ọ̀pọ̀ táyà ẹ̀ ló jẹ́ pé 65 ló mọ. Ẹ fi 800 pín sí 60, ó ti lé ní 13, ẹ ò tíì ra epo, pikọ́ọ̀pù sì máa ń mu epo bí ẹlẹ́mu tó bá ń fa nǹkan. Tẹ́ ẹ bá wọ Georgia, aago á tún fi wákàtí kan síwájú, ẹ̀yin á rò pé 8 alẹ́ ni, 9 ti lù. Èmi àti ọkọ mi, ìlú Mobile ní Alabama la sùn, ó kọjá ìdajì ọ̀nà, kó tó di pé ẹ já sí títì I-65 lọ Montgomery.

Àgbà Awakọ̀:
Òótọ́ ni, mo fara mọ́ Mobile. Kẹ́ ẹ sì tó gun afárá Atchafalaya lẹ́yìn Lafayette ní Louisiana, ẹ dúró yẹ gbogbo nǹkan wò, máìlì 18 ni, orí omi àti igbó, táyà ò ṣe é pààrọ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbéra ní 4, nǹkan bíi 9 lẹ máa débi afárá Baton Rouge, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀hún ò kéré. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ gba I-12, ẹ má wọ New Orleans rárá.

Ìyá Ibejì Alabama:
Níbi tẹ́ ẹ bá ti dúró, ẹ fọwọ́ kan àárín táyà tréélà kọ̀ọ̀kan. Kó lọ́wọ́ọ́rọ́ ò burú, ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá gbóná ju àwọn tó kù lọ, bẹ́rìnì tó ń jẹ́ kí táyà yí ti ń lọ nìyẹn. Tiwa, òórùn gíríìsì tó ń jóná ló jí mi lójú oorun nítòsí Lake Charles. Ẹ tún nọ́ọ̀tì táyà dè lẹ́yìn máìlì 50 àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ gbé ṣéènì méjèèjì tó so tréélà mọ́ mọ́tò kọjá ara wọn lábẹ́ ẹnu tréélà, tí ẹnu tréélà bá já kúrò, orí ṣéènì ló máa já bọ́ sí, kò ní í gúnlẹ̀.
Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú èyí tí wọ́n kọ DOT síwájú ẹ̀ lára táyà náà, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà, méjì ìkẹyìn lọdún.

Ojú Ń Kán Mi:
Fìríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ, àwọn méjèèjì wà nídìí ilẹ̀kùn bẹ́ ẹ ṣe wí. Mo ti kó o jáde, mo tún un tò, mo gbé e lọ sórí I-10 láàárọ̀ yìí, 60, kò mira. Táyà ló bà mí nínú jẹ́, 3113 ni mo rí lára ẹ̀, ọdún 2013 nìyẹn, ẹni tó tà á fún mi ní tuntun ni. Mo ń lọ ra mẹ́rin báyìí, ìyàwó mi sì ti gba òtẹ́ẹ̀lì sí Mobile kí n tó kà á fún un tán.