Báwo ni ìgbóná ojú òkun tó jìnnà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Kàbà?

Àgbẹ̀ Kàbà:
“Òkun o” (ìkíni wa ni, kì í ṣe omi òkun), ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn àgbà tí a jọ ń dáko iṣu níhìn-ín máa ń sọ pé òjò a pọ̀ fún ọdún mélòó kan, a sì tún fà sẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ojú òkun náà lè gbóná tàbí kó tutù ju bó ṣe yẹ lọ fún ẹ̀wádún kan tàbí méjì. Kí ló ń mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wo ló sì ń gbà dé ibi tí kò sí òkun nítòsí, bíi tiwa?

Ọmọ Ìyàgbà:
Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ̀gbọ́n. Omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù: nǹkan bíi mítà 2.5 péré lókè òkun lè gba ooru tó tó èyí tí gbogbo afẹ́fẹ́ ayé lè gbà. Ẹ̀fúùfù àti oòrùn ojoojúmọ́ ń fi ooru kún un, wọ́n sì ń yọ nínú rẹ̀ láìlétò. Ṣùgbọ́n bí owó àpò ẹgbẹ́ tí èyí ń san sí, tí ìyẹn ń yá níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni iye tó ṣẹ́ kù ń yí. Klaus Hasselmann, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, fi ìṣirò ṣàlàyé èyí ní 1976, ó sì wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní 2021. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti òkun apá àríwá: nígbà òtútù, ìjì a po omi pọ̀ dé ìsàlẹ̀ jíjìn, bí ìgbà ooru wọn bá dé, omi gbígbóná fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a bò ó mọ́lẹ̀, títí ìjì òtútù ọdún kejì á fi tún hú ooru ọdún tó kọjá jáde.

Ará Bùnú:
Ọ̀nà méjì ni ìyípadà ojú òkun yìí ń gbà tàn. Nínú omi, ìgbì tó ń tọ ìlà agbedeméjì ayé máa ń la Òkun Pàsífíìkì já sí ìlà-oòrùn láàárín oṣù 2 sí 3, àmọ́ èyí tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn níbi tó jìnnà sí ìlà náà lè lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́nà. Ẹ̀fúùfù yá jù bẹ́ẹ̀ lọ: níbi tí omi bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin a gòkè, a di òjò, ìrìn ẹ̀fúùfù a sì yí padà títí dé ọ̀nà jíjìn. Bí ẹja sámọ́nù ṣe ń pọ̀ tó sì ń dínkù ló tilẹ̀ mú onímọ̀ Nathan Mantua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ní àríwá Pàsífíìkì, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Pacific Decadal Oscillation (ìyípadà Pàsífíìkì tó ń gba ẹ̀wádún) ní 1997.

Àgbẹ̀ Kàbà:
Mo dúpẹ́ o. Èwo ló wá kàn wá jù nínú wọn?

Ọmọ Ìyàgbà:
Òkun Àtìláńtíìkì ni. Ìlà òjò wa máa ń fà sí apá tí omi bá ti gbóná jù. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àríwá rẹ̀ tutù, gúúsù rẹ̀ gbóná, òjò kò gòkè tó, ọ̀dá sì dá ilẹ̀ Sàhẹ́lì, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, lóró. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé èéfín ilé iṣẹ́ tó ń dí ìtànṣán oòrùn lọ́wọ́ ló mú kí àríwá tutù, kì í ṣe pé òkun kàn yí fúnra rẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Àárín Sàhẹ́lì àti etíkun ni tiwa wà, omi etíkun Gìní (Gulf of Guinea) sì tún ń fa òjò tirẹ̀, nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ìyípadà ẹlẹ́wàá ọdún yìí kò lè sọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa gbin iṣu fún yín.