Ọgbà ẹranko ti ṣí padà, kí ni kí n mọ̀ kí n tó kó àwọn ọmọ lọ? (Ìjíròrò ìgbà àrùn kòrónà)

Màmá Tòlú, Ìkéré: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọgbà ẹranko tí mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ ní Ìbàdàn ti ṣí padà lẹ́yìn tí wọ́n tì í nítorí kòrónà, àmọ́ òfin pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà: ìbòmú, ọwọ́ fífọ̀, wíwo bí ara ṣe gbóná, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fún ẹranko lóúnjẹ. Ọmọ mẹ́ta ni: ọdún 11, ọdún 7 tó ní ásímà, àti ọdún 4. Ṣé dandan ni kí èyí àbíkẹ́yìn lo ìbòmú? Kí ló sì dé tí wọ́n ń le tó báyìí nígbà tó jẹ́ ìta gbangba ni?

Dókítà Ẹranko, Ìkọ̀lé: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Nítorí àwọn ẹranko gan-an ni púpọ̀ nínú òfin yẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n yẹ ẹkùn kan tó ń jẹ́ Nadia wò ní Bronx Zoo ní New York torí pé ó ń wú ikọ́ gbígbẹ. Kòrónà ni wọ́n bá lára rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ara olùtọ́jú tí àìsàn ò tíì hàn lára rẹ̀ ló ti kó o. Oṣù kìíní 2021 ni kòrónà tún kan àwọn gorílà ní ọgbà ẹranko San Diego, ní Amẹ́ríkà náà.

Ti ọ̀bọ àti ìnàkí ló le jù, torí ara wọn sún mọ́ tiwa. Ní igbó Taï ní Côte d'Ivoire, àìsàn èémí tó ti ara èèyàn wá ti pa ìnàkí, bẹ́ẹ̀ irú èyí tí ọmọ wa fi ń fọn imú lásán ni. Ìdí nìyẹn tí irin kejì fi wà níwájú àgò wọn. Bí ọmọ bá gun irin yẹn kó lè rí wọn dáadáa, tó sì wúkọ́, ó ti bọ́ sí wọn lójú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọmọ ti gé jẹ tó wá jù sínú àgò, itọ́ ló jù sí wọn yẹn. Ẹ fi gúgúrú àti ẹ̀pà sílẹ̀ sínú ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ọ̀tun: Ẹ̀gbọ́n, ìlànà WHO (àjọ ìlera àgbáyé) àti UNICEF (àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé) lórí kòrónà ni pé ọmọ ọdún 5 sí ìsàlẹ̀ kò nílò ìbòmú. Ọdún 6 sí 11, ó wà lọ́wọ́ bí èrò bá ṣe pọ̀ tó àti bóyá àgbàlagbà wà nítòsí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ pe ọgbà náà kí ẹ tó kúrò nílé, òfin ẹnu ọ̀nà ni yóò borí.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbòmú 2 tàbí 3, torí òógùn àti omi mímu máa ń rin ín, èyí tó bá sì ti tutù kì í jẹ́ kí ọmọ mí dáadáa. Ọ̀rá kan fún èyí tó mọ́, òmíràn fún èyí tí wọ́n ti lò. Inhaler, ìyẹn oògùn ásímà tí ọmọ ọdún 7 ń fà sínú, kò gbọdọ̀ wà nínú búùtù. Inú báàgì tó wà léjìká yín ni ipò rẹ̀. Koríko gbígbẹ àti ìyẹ́ ẹyẹ lè ru ásímà sókè, ẹ má pẹ́ nídìí àgò ògòngò àti ẹyẹ. Bí àyà rẹ̀ bá ń dún fíì, ẹ kúrò láàárín èrò, kí ẹ yọ ìbòmú náà, kí ó fa inhaler bí dókítà rẹ̀ ṣe ní kí ó lò ó.

Tíṣà, Ìṣàn: Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ ni mo rò pé àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Sanitáísà tí ọtí inú rẹ̀ kò tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣeré ni. Èyí tó dáa pàápàá kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọwọ́ tó dọ̀tí tàbí tó tutù, ọwọ́ ọmọ tó ti di irin àgò mú sì dọ̀tí dájúdájú. Ọṣẹ àti omi, ìṣẹ́jú-àáyá 20, kí ọṣẹ dé àárín ìka àti abẹ́ èékánná, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹun. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ wá fọwọ́ kan ìjàpá, kí èyí ọdún 4 má dé ibẹ̀: kòkòrò salmonella máa ń wà lára irú ẹranko bẹ́ẹ̀ láì jẹ́ pé ó ń ṣàìsàn, ọmọ kékeré a sì ti ki ìka bọ ẹnu kí ẹ tó yíjú.

Màmá Tòlú, Ìkéré: Ẹ ṣé gan-an. Èyí àbíkẹ́yìn ń fọn imú láti àná o. Ṣé kí n fún un ní parasitamọ́ọ̀lù kó má bàa gbóná lẹ́nu ọ̀nà?

Nọ́ọ̀sì, Ọ̀tun: Rárá o! Ẹ̀ ń fi ibà pamọ́ nìyẹn, kò sì ní dí kòkòrò lọ́wọ́ láti ràn. Ẹ sún ìrìn náà síwájú títí imú yóò fi gbẹ.

Awakọ̀, Ìkéré: Bí ẹ bá ń lọ, ẹ gba Àkúrẹ́, Iléṣà, Ifẹ̀, kí ẹ sì tètè gbéra láàárọ̀. Bí oòrùn bá ti mú, kìnnìún á ti sùn. Ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ gbígbóná lè mú kí ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà síwájú orí ka iye tó ga, láìjẹ́ pé ibà ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kó jókòó lábẹ́ igi fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí wọ́n tún un wò. Bí Ìbàdàn bá jìn jù fún èyí kékeré, yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ náà ní ọgbà ẹranko. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń gba àlejò lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì mú owó dání, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS.