Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Maple Leafs tí mo fẹ́ máa wò ní Bangkok

Mo ti padà dé o. Ẹ rántí pé mo bèèrè bí mo ṣe máa tẹ̀lé Maple Leafs, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín Toronto wa, láti Thailand. Ẹni tó ní kí n máa gbọ́ ọ lórí rédíò íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọ lo gbà mí! Aago méje alẹ́ Toronto, aago méje àárọ̀ ni níbẹ̀ lásìkò òtútù, màá ti ki ìyáàpíìsì sétí, màá máa lá jok gbígbóná, ògì ìrẹsì wọn, létí títì, rédíò náà kò já rí. VPN, ètò tó ń jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì rò pé ìlú mìíràn lo wà, ṣiṣẹ́ díẹ̀ àmọ́ Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì ń wọ́ bí ìgbín. YouTube náà dáa fún àkópọ̀ eré tó ti parí, àfi kẹ́ ẹ má ka àkọlé, kó má bàa tú èsì fún yín. Èyí tó kù ni eré California, aago mẹ́wàá àárọ̀ Bangkok, inú bọ́ọ̀sì ló ń bá mi, mi ò rí ọgbọ́n ta sí i. Ẹ ṣé gan-an.